Síìmù Tí Mo Wá Nítorí Ìyá Mi

Lọ́dún tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ ra ọkọ̀ kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, síǹkì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome. Kò sọ fún mi kó tó rà á. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ti wú sínú bàtà. Mo yà sí òpópónà wa ní Thamesmead ní London, mo bá nǹkan funfun gàgàrà kan tó dí ojú fèrèsé ilé ìdáná wa pa. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Mummy, wọlé wá wò ó. Ó ní síǹkì. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Daddy, ilé wa náà ní síǹkì. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Mo wọlé, mo jókòó sórí àga inú rẹ̀, nítorí pé òun ni àga tó sún mọ́ mi jù lọ. Bí mo ṣe jókòó ni oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ó ti fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi, ó jókòó síwájú, ó di ìdarí ọkọ̀ mú.

N kò lè bínú sí i pẹ́. Ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh lọ sí kóòtù, tó sì ń kó wọn padà. Inú yàrá tóóró tóóró ni wọ́n máa ń ti olúkúlùkù wọn mọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó sọ fún mi rí pé òun a máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ara ọkọ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n fún, àmọ́ òun kò gbọdọ̀ dúró níbikíbi títí òun á fi dé ẹnu géètì.

"Mo fẹ́ wa ọkọ̀ tí mo lè dá dúró nígbà tó bá wù mí," ohun tó sọ nìyẹn. Ilẹ̀ Faransé ló ní kí a kọ́kọ́ lọ, kí a gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Sípéènì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n lè dá a lóhùn kíákíá. Ìjẹ̀bú-Igbó ló wà, lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Ìgbàgbé ti dé sí i. Ó lè béèrè bàbá wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí a ti sin bàbá wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Á gbé báàgì rẹ̀, á lọ dúró sẹ́nu géètì, á ní ọmọ òun ń bọ̀ láti ilé ìwé, òun ń lọ pàdé rẹ̀. Èmi ni ọmọ yẹn. Kò sí ohun tó lè mú un jókòó àfi kó rí ojú mi. Nítorí náà, ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́, màá pe àbúrò mi lórí fídíò, á gbé fóònù síwájú ìyá wa, ìyá mi á wò mí títí, á ní, "O ti dé?" Màá ní, "Mo ti dé, Ìyá mi." Ìgbà yẹn ló máa tó jẹun.

Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, láti ojúlé dé ojúlé, mo sì ti to gbogbo iṣẹ́ mi yí aago mẹ́rin yẹn ká. Tó bá bá mi ní Glyndon Estate, orí àtẹ̀gùn ni màá dúró sí, màá sún mọ́ fèrèsé kí ojú mi lè mọ́lẹ̀. Tó bá bá mi nínú bọ́ọ̀sì, màá bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó bá kàn, òjò ì báà máa rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rẹ́rìn-ín sí ìyá mi nígbà tí ó ti rẹ̀ mí débi pé ẹ̀rín náà ń dùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà fún àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wọn lọ. Ẹ ti ṣiṣẹ́ jù. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí aago mẹ́rin kọjá o."

Mo wá sọ fún ọkọ mi pé màá bá a lọ tí mo bá lè máa rí ìyá mi lójoojúmọ́.

"Ìyẹn ò le," ló wí. "A máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀." Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ní a máa fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ yẹ táyà wò. Bó ṣe di iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ṣọ́ọ̀bù fóònù lẹ́yìn iṣẹ́. Ní Powis Street ní Woolwich, wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọdún yẹn gan-an ni òfin dé pé fóònù tí ènìyàn ń lò ní London, ó lè lò ó káàkiri Yúróòpù láìsan àfikún, nítorí náà ojú wo-bí-obìnrin-yìí-ṣe-ń-yọnu ni gbogbo wọn fi ń wò mí. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ní dátà gígà báyìí wà, gígà báyìí wà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo bi í pé tí mo bá yọ síìmù náà nínú fóònù, tí mo fi sínú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Ó ní òun rò pé á ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n ní ó ti o, síìmù fóònù kò gbọdọ̀ wọ ráútà, wọ́n lè gé ìlà rẹ̀. Ní ìkẹta, wọ́n ní síìmù ti ráútà wà lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé rẹ̀, mo rí i níbi tí lẹ́tà ti wẹ́ jù pé dátà tí mo lè lò lókè òkun kò tó ìdajì èyí tí mo lè lò nílé.

Mo kó gbogbo ìwé wọn sínú báàgì. Mo ń kà wọ́n nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan nígbà tí oorun gbé mi. Bọ́ọ̀sì náà gbé mi kọjá ilé, awakọ̀ ló jí mi ní Abbey Wood. Bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn padà, mo ń rántí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, káàdì ìpè tí a máa ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ohùn ìyá mi, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nínú àpótí fóònù tó ń rùn. Ara rẹ̀ le nígbà náà. Tí mo bá pẹ́ kí n tó pè, á kàn bú mi ni.

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ ni Alhaji kan tó ń tún fóònù ṣe ní Plumstead High Street. Ará Ìbàdàn ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ìbú ilẹ̀kùn méjì lọ. Ìgbà tí mo wọlé, gíláàsì rẹ̀ wà níwájú orí, ó ń fi abẹ́rẹ́ kékeré kan tú fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji."

"Ẹ káàbọ̀, Auntie." Ó wò mí. "Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná. Ó ti rẹ̀ yín."

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n jókòó. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún un, mo ṣàlàyé Faransé àti Sípéènì.

"Kí lẹ fẹ́ máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì náà ṣe gan-an?"

"Mo fẹ́ máa rí ìyá mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ máa wo fíìmù?"

"Rárá."

"Ṣé ojú kan lẹ máa wà, àbí ẹ ó máa rìn?"

"A ó máa rìn."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́. Irin ni ara ọkọ̀ yẹn, irin kì í sì í jẹ́ kí network wọlé dáadáa. Ẹ lè ra ráútà kékeré tó ní bátìrì, èyí tí ènìyàn lè fi sápò. Ó dáa, àmọ́ tí ẹ bá dé inú igbó, á dójú tì yín. Ẹ ra èyí tó ń lo iná ọkọ̀, kí áńtẹ́nà rẹ̀ wà lórí òrùlé. Ẹ má sì ra èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ti tì mọ́ síìmù tiwọn. Tí síìmù tiwọn ò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ ó fẹ́ fi ti àwọn ará ibẹ̀ sí i, kò sì ní gbà á."

Ó bá mi wá ráútà tí wọn kò tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Ó bá mi yan síìmù dátà kan tí òun fúnra rẹ̀ ka ìwé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, gíláàsì lójú. "Ẹ dán an wò kí ẹ tó lọ o," ló wí bí mo ṣe ń jáde.

A dán an wò. Ọkọ mi gun òrùlé ọkọ̀ náà, ó lu ihò fún áńtẹ́nà, òjò sì gba ibẹ̀ jò sórí ìrọ̀rí mi títí tó fi rí gọ́ọ̀mù fi dí i. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti òun jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, iná ráútà tàn, mo pe Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojú ìyá mi yọ kedere.

"O ti dé?"

"Mo ti dé, Ìyá mi."

Ó ń wo ẹ̀yìn mi. "Ilé ta nìyẹn?"

"Ilé wa ni, Ìyá," ọkọ mi ló dáhùn.

"Ó kéré," ni ìyá mi wí. A rẹ́rìn-ín títí. Mo rò pé ìṣòro mi ti tán. N kò mọ̀ pé ẹni tó dán nǹkan òkè òkun wò ní Thamesmead, Thamesmead nìkan ló dán wò.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án la wọ ọkọ̀ ojú omi ní Dover lọ sí Faransé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti dé ibì kan tí wọ́n ń gba irú ọkọ̀ wa sí lẹ́bàá odò, ní àárín oko. Ọkọ mi dúró síbẹ̀ nítorí pé ó wù ú. Ó pa iná ọkọ̀, ó gbé àga méjì sórí koríko, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Aago márùn-ún ti Faransé ni aago mẹ́rin ti ilé. Ní aago márùn-ún ku díẹ̀, mo tan ráútà. Iná pupa ló tàn. Mo pa á, mo tún un tàn. Pupa.

Síìmù inú fóònù tèmi, n kò tíì ní kí wọ́n ṣí i fún òkè òkun, nítorí pé ráútà ni mo gbọ́kàn lé, ó sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó ṣí i. Fóònù ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fóònù olóbọ́tìnnì ni, kò ní ojú tí ènìyàn lè fi ríran, síìmù rẹ̀ kò sì ní dátà. A fi pe àbúrò mi. Ó gbé e sí etí ìyá wa.

"Ìyá mi, èmi ni. Mo ti dé."

"Ta ni?"

"Èmi ọmọ yín ni."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò mi pé, "Gbé nǹkan yìí kúrò, ó ń pariwo sí mi létí." Ohùn tí kò ní ojú, kò mọ ohun tí òun lè fi ṣe.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sunday. A wa ọkọ̀ lọ sí ìlú tó sún mọ́ wa bóyá a máa rí ẹni tó ń ta síìmù. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì. Mo fi fóònù ọkọ mi pe Alhaji, kò gbé e, bóyá kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday. Ọkọ mi tú ráútà náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gun òrùlé lọ fọwọ́ kan áńtẹ́nà. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo se ráìsì, kò jinná dáadáa, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Monday, a padà sí ìlú náà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù fóònù ibẹ̀ kì í ṣí ní Monday pẹ̀lú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ kan tó tì, n kò lè dìde. Kì í ṣe ẹkún ni mo ń sun, ó kàn rẹ̀ mí ni, ó rẹ̀ mí bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn ló tò tì mí lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ọkọ mi dúró tì mí pẹ̀lú fóònù olóbọ́tìnnì rẹ̀, ó ń pe Alhaji léraléra. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Alhaji gbé e, ọkọ mi na fóònù sí mi, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Auntie, ṣé ẹ ṣí roaming inú ráútà yẹn?"

"Ṣé ó ní èyí tí mo fẹ́ ṣí ni, Alhaji?"

"Ah. Mo gbàgbé láti sọ fún yín. Ẹ foríjì mí. Bí ráútà yẹn ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, kì í gbà kí síìmù ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún un pé kó gbà."

A sáré padà sínú ọkọ̀. Alhaji ń sọ fún ọkọ mi, ọkọ mi ń tún un sọ fún mi, èmi ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi: kí n so fóònù mọ́ ráútà, kí n tẹ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí n tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, kí n wá ibi tí wọ́n kọ roaming sí. Mo rí i. Bọ́tìnnì kékeré kan ni, kò tó èékánná. Mo tì í sápá ọ̀tún. Iná ráútà di àwọ̀ ewé.

Ó ku wákàtí mẹ́ta kí aago márùn-ún lù. N kò dúró. Mo pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, kò tíì sùn dáadáa. Mo bi í pé báwo ni Ìyá.

"Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n lọ sẹ́nu géètì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mú wọn wọlé. Lánàá, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wo fóònù tó wà lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lónìí, láti àárọ̀, wọn ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ti jẹun."

Ó gbé fóònù sí iwájú rẹ̀. Ìyá mi wọ búbà aláwọ̀ ojú ọ̀run tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó wò mí títí, ó wá tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tó ń kí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, ma. Ta lẹ ń wá?"

Láyé mi, ìyá mi kò fi "ẹ" kí mi rí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo wá kí, ma."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Nígbà tó tán, mo sọ fún ọkọ mi pé kí a padà sílé. Kò jiyàn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn àga. Mo tún pe àbúrò mi láti sọ fún un pé a ń padà.

"Ẹ ń padà síbo?" ló bi mí.

"Sí Thamesmead."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Thamesmead? Ṣé Ìyá wà ní Thamesmead ni? Láti Thamesmead náà, inú fóònù kan náà lẹ ti ń rí wọn." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ti rẹ òun náà. "Ọjọ́ mẹ́ta yẹn kọ́ ló fà á. Láti nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n ti máa ń bi mí lẹ́yìn tí ẹ bá lọ pé ta ni obìnrin yẹn. N kò kàn lè sọ fún yín ni."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó lọ́kàn pé Thamesmead sún mọ́ ìyá mi ju ibòmíràn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé láti ọdún mẹ́rin ni n kò ti fẹsẹ̀ tẹ Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ ni mo máa ń sọ pé kò jẹ́.

A kò padà. A lọ dé Sípéènì, lójoojúmọ́ ni mo sì ń pè. Ọjọ́ mìíràn á ní, "O ti dé?" Ọjọ́ mìíràn, á fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí, á bi mí bóyá mo ti sá gbàgúdá. Ọkọ mi, tó ní òun fẹ́ máa dúró níbi tó bá wu òun, ibi tí iná ráútà bá ti di àwọ̀ ewé ló ń dúró sí. Lọ́jọ́ kan, etí òkun tó lẹ́wà wà níwájú wa, ó wo ráútà, ó rí pupa, ó yí ọkọ̀ padà, a sì lọ sun ẹ̀yìn ilé ìtajà ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Kò ráhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fún kí ni?"

Nígbà tí a dé London, mo lọ sí ọ́fíìsì wa níbi iṣẹ́, mo ní mo fẹ́ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ní ó máa nira. Mo ní mo mọ̀. Nínú oṣù kọkànlá, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé.

Ìyá mi wà lórí àga nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan irun mi, ó bi àbúrò mi pé, "Ṣé ẹni yìí máa sùn níbí?" Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ fún un ní oúnjẹ," ni ìyá mi wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wẹ̀ ẹ́, tí mo fi bọ́ ọ, tí mo fi bá a dúró sẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́. Tó bá ti gbé báàgì rẹ̀, èmi náà á gbé tèmi. A ó dúró síbẹ̀, a ó máa wo àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá nínú aṣọ aláwọ̀ pupa rúsúrúsú. Tí wọ́n bá ti kọjá tán, á ní kí a wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fi orúkọ mi pè mí. Àbúrò mi rí ààyè sùn lọ́sàn-án, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò díẹ̀.

Ọkọ mi ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú nínú oṣù kìn-ín-ní. Ọkọ̀ gàgàrà yẹn kò lè wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn, òrùlé ibẹ̀ kò ga tó, ó sì ní kí n fẹsẹ̀ rìn wá bá òun lójú títì. Mo fa àpótí mi nínú òtútù títí mo fi rí i. Ó ti tan iná gáàsì, omi ti gbóná. Mo mu tíì lórí àga yẹn, mo bọ́ bàtà mi, a sì gba ọ̀nà ilé lọ.